Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ta ọ̀mì pẹ̀lú Kasparov, ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì: Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí rèé

Àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ibi tí òwe yìí ti ṣẹ lójú gbogbo ayé, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Reykjavik, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Iceland, lóṣù kẹta ọdún 2004. Níbẹ̀ ni ọmọdékùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ ti jókòó síwájú ọkùnrin tí tọmọdé tàgbà gbà pé kò sí ẹni tó mọ eré ṣẹ́ẹ̀sì ta tó o. Wọ́n ta á, wọ́n ta á, ẹnì kankan ò rí ẹnì kejì pa. Ọ̀mì ni wọ́n ta.

Orúkọ ọmọ náà ni Magnus Carlsen, ọmọ orílẹ̀-èdè Norway. Orúkọ àgbà tó jókòó tì ni Garry Kasparov, ọmọ Rọ́ṣíà tí wọ́n bí sí ìlú Baku. Ọdún 1985 ni Kasparov ti gba oyè ọ̀gá lágbàáyé, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlélógún. Wọn ò tíì bí Carlsen nígbà yẹn, ó ṣì ku ọdún márùn-ún. Lóòótọ́, Vladimir Kramnik gba oyè náà lọ́wọ́ Kasparov lọ́dún 2000, àmọ́ ìyẹn ò ní kí wọ́n má máa pè é lọ́gàá. Gbogbo ìgbà tí FIDE, àjọ tó ń mójú tó eré ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé, bá ti gbé orúkọ àwọn tó mọ̀ ọ́n ta jù jáde, orúkọ Kasparov ló máa ń wà lókè téńté.

Ta wá ni ọmọ tó kò ó lójú yìí? Ọjọ́ kẹrin sí òpin oṣù kọ́, ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá ọdún 1990 gan-an ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀, Henrik, tó jẹ́ ẹnjiníà, ló kọ́kọ́ fi eré náà hàn án nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n ọmọ náà ò kọbi ara sí i. Nígbà tó di ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́jọ ló tó tẹra mọ́ ọn, nítorí pé ó fẹ́ máa na ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nínú ayò náà. Láti orí ìjà ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2004, ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìsọ̀rí kẹta ìdíje kan tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún ní Wijk aan Zee, lórílẹ̀-èdè Netherlands. Nígbà tó sì dé Reykjavik, kó tó di pé ó kan Kasparov, ó ti na Anatoly Karpov, tí òun náà ti jẹ ọ̀gá lágbàáyé rí, nínú eré aláyára tó máa ń parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ayò àwọn òyìnbó

Ẹni tó bá mọ ayò ọlọ́pọ́n kò ní pẹ́ mọ ohun tí ṣẹ́ẹ̀sì jẹ́. Ihò 12 ló wà lójú ọpọ́n ayò, ọmọ ayò sì jẹ́ 48. Pátákó ṣẹ́ẹ̀sì ní tiẹ̀ ní ojú 64, àwọn kan funfun, àwọn kan dúdú, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjì tó fẹ́ ta á sì ní ọmọ 16. Nínú ọmọ 16 yìí, ọba kan ló wà, ayaba kan, bíṣọ́ọ̀bù méjì, ẹṣin méjì, ilé ìṣọ́ méjì, àti ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Olúkúlùkù ló ní bó ṣe ń rìn. Ẹni tó bá ká ọba ẹnì kejì mọ́ débi tí kò fi ríbi sá sí mọ́, òun ló pa á. Kò sí ìbò tí wọ́n ń dì níbẹ̀, kò sí káàdì tí ẹnì kan gbé pamọ́. Ohun tí ọ̀tún ń rí ni òsì náà ń rí, ọgbọ́n orí nìkan ló kù.

Bí ayò bá sì ti ń di ọ̀mì nígbà tí ọ̀ta kó 24 tí ẹnì kejì náà kó 24, bẹ́ẹ̀ náà ni ṣẹ́ẹ̀sì ṣe ń di ọ̀mì, àmọ́ ọ̀nà tirẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì lè fẹnu kò pé kó parí síbẹ̀. Bí ìdúró ọmọ lójú pátákó bá jẹ́ bákan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀mì ni. Bí ọmọ tó kù lọ́wọ́ wọn ò bá tó èyí tó lè ká ọba mọ́, ọ̀mì ni. Tó bá sì kan ẹnì kan láti rìn, tí kò ní ibì kankan tó lè rìn sí, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni ò dojú ìjà kọ ọba rẹ̀, ọ̀mì náà ni. Ẹni tó bá pa ayò ń gba máàkì kan, ẹni tí wọ́n pa ń gba òdo. Bó bá di ọ̀mì, àwọn méjèèjì pín in sí ìlàjì-ìlàjì.

Ohun tí máàkì ń sọ, àtohun tí kò lè sọ

Lábẹ́ igi tí wọ́n ti ń ta ayò, gbogbo èèyàn ló mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀ta, wọ́n sì mọ ẹni tó jẹ́ òpè. Wọn kì í kọ ọ́ sínú ìwé. Ní ti ṣẹ́ẹ̀sì, inú ìwé ló wà. Arpad Elo, ọmọ orílẹ̀-èdè Hungary tó dàgbà sí Amẹ́ríkà, tó sì jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ físíìsì ní yunifásítì Marquette nílùú Milwaukee, ló gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí wọ́n fi ń díwọ̀n agbára àwọn tó ń ta á. Àjọ FIDE gbà á wọlé lọ́dún 1970, òun ni wọ́n sì ń lò títí dòní. Máàkì yẹn ni àwọn olóyìnbó ń pè ní rétíǹgì.

Bí ìṣirò náà ṣe lọ kò ṣòro. Bí máàkì àwọn méjì bá dọ́gba, a jẹ́ pé ìlàjì ni kálukú máa rí gbà bí wọ́n bá ta á títí. Bí ẹnì kan bá fi 200 ju ẹnì kejì lọ, nǹkan bíi 76 ló yẹ kó kó nínú 100. Tí ìyàtọ̀ bá wá tó 350, ẹni tó wà lókè gbọ́dọ̀ kó nǹkan bíi 88, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ máa ṣa 12 tó kù. Lóṣù kẹta ọdún 2004 yẹn, máàkì Kasparov ti lé ní 2,800. Ti Carlsen tó wà nínú ìwé FIDE nígbà náà kò tó 2,500. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ju 300 lọ dáadáa.

Ìdí rèé tí ọ̀mì láàárín irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ kì í fi í ṣe ọ̀mì lójú ẹni tó mọ eré náà. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlàjì-ìlàjì ni wọ́n pín, ẹni kékeré ló jèrè, àgbà ló pàdánù. Nínú eré gígùn tí wọ́n ń kọ máàkì rẹ̀ sílẹ̀, bí ìyàtọ̀ bá tó 350, ní ìpele tí àwọn méjèèjì yìí wà, ọ̀mì kan ṣoṣo yóò yọ nǹkan bíi máàkì mẹ́rin lára àgbà, yóò sì fi kún ti ọmọdé. Àmọ́ eré kúkúrú ni ti Reykjavik yìí, àkókò tí wọ́n fún kálukú láti ronú kò pọ̀, àjọ FIDE kò sì tíì máa kọ máàkì irú eré bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nígbà yẹn. Ọdún 2012 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìyẹn. Nítorí náà, kò sí kọ́bọ̀ kan tó kúrò nínú àpò Kasparov sínú ti Carlsen lójú ìwé. Ojú àwọn èèyàn ni ọ̀rọ̀ náà kù sí.

Bí wọ́n ṣe ta á

Ìdíje àjákùlẹ̀ ni wọ́n ń ṣe: ẹni méjì máa ta á lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó bá sì borí ló máa tẹ̀ síwájú. Nínú eré àkọ́kọ́, Carlsen ló mú ọmọ funfun, òun ló sì kọ́kọ́ rìn. Wọ́n ká ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn náà sínú fídíò, fídíò ọ̀hún ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó bá wò ó á rí i bí Kasparov ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, tó ń mi orí, tó ń fa ojú ro. Ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ ní tiẹ̀, bó bá ti rìn tán, ńṣe ló ń dìde lórí àga, tó ń lọ wo ohun tí àwọn mìíràn ń ta lórí tábìlì tiwọn, bí ẹni pé ayò tirẹ̀ ò ká a lára. Kì í ṣe pé ó ń rí àgbà fín. Ọmọdé ni, kò rọrùn fún un láti jókòó gẹlẹtẹ síbì kan.

Nǹkan ò kọ́kọ́ jọ pé ẹnì kan lékè ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n nígbà tó di pé Carlsen fẹ́ rìn lẹ́ẹ̀kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ẹṣin rẹ̀ fo wọlé, ó gbé ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀ kan tí Kasparov ò rí gbà padà. Ẹni tí kò mọ eré náà lè ní kí ni ọmọ-ogun kan nínú mẹ́jọ. Láàárín àwọn ọ̀gá, ọmọ-ogun kan ń pa èèyàn. Tí ọmọ-ogun bá lè rìn dé ìpẹ̀kun pátákó, yóò di ayaba, ẹni tí ayaba tirẹ̀ bá sì di méjì ti parí iṣẹ́. Ohun tó ń ba Kasparov lẹ́rù nìyẹn. Ọ̀gá gbogbo ọ̀gá ti jẹ gbèsè sọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọ ìtàn yìí dánu nìyẹn, wọ́n á ní ọmọdé fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àgbà, ó tán. Kò tán síbẹ̀. Ohun tí Kasparov ṣe lẹ́yìn ìgbà náà ló jẹ́ kó jẹ́ Kasparov. Kò bínú, kò fi ìwàǹwára wá ohun tó sọnù. Ó jẹ́ kí ayaba méjèèjì kúrò lójú pátákó, kí agbára ọmọ náà lè dín kù. Bíṣọ́ọ̀bù kan ló wá kù sọ́wọ́ kálukú. Bíṣọ́ọ̀bù Carlsen ń rìn lórí ojú dúdú nìkan, ti Kasparov ń rìn lórí ojú funfun nìkan. Irú bíṣọ́ọ̀bù méjì bẹ́ẹ̀ kò lè pàdé láéláé, bí àgbẹ̀ méjì tí oko wọn wà ní ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ odò. Bí ọmọ-ogun Carlsen bá fẹ́ gba ojú funfun kọjá, bíṣọ́ọ̀bù Kasparov ti dúró síbẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù Carlsen kò sì lè lé e kúrò. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ta dáadáa mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, ẹni tó fi ọmọ-ogun kan lékè lè má rí i lò rárá.

Àwọn tó yẹ eré náà wò lẹ́yìn náà sọ pé ààyè wà fún ọmọ náà láti borí, bó bá ti mọ ibi tó yẹ kó gbà nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ lékè. Ṣùgbọ́n aago ń sáré, ọmọdé ni, àgbà tó wà níwájú rẹ̀ sì ti bọ́ nínú irú páńpẹ́ bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Nígbà tí wọ́n rìn dé ìgbà kejìléláàádọ́ta, ó di ọ̀mì.

Èyí ló jẹ́ kí ọ̀mì ọjọ́ náà jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Ọmọ náà fi hàn pé máàkì kì í ta ayò, èèyàn ló ń ta á. Ohun tí èèyàn ti ṣe lánàá ni máàkì ń sọ, kò lè fẹnu sọ ohun tó máa ṣe lónìí. Àgbà náà sì fi hàn pé kì í ṣe ìgbà tí nǹkan bá ń dùn nìkan ni wọ́n ń mọ ọ̀gá. Ẹni tí ilé rẹ̀ ti ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ṣì mọ ibi tó máa gbé omi gbà, òun náà yẹ lẹ́ni à ń kí.

Nínú eré kejì, Kasparov ló mú ọmọ funfun. Kò tún gba gbẹ̀rẹ́ mọ́. Ó na Carlsen, ó sì tẹ̀ síwájú nínú ìdíje náà, ọmọ náà sì kó ẹrù rẹ̀. Inú Carlsen ò dùn rárá. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé bí ọmọdé lòun ṣe ta eré kejì yẹn. Ọ̀rọ̀ yìí pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín, nítorí ọmọdé náà kúkú ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ yé máa mọ̀ pé ọmọ tí ọ̀mì pẹ̀lú Kasparov kò tó fún, ohun mìíràn ló ń wá.

Ìgbà tó kan Carlsen

Oṣù kan lẹ́yìn náà, lóṣù kẹrin ọdún 2004, Carlsen di grandmaster, oyè tó ga jù lọ tí FIDE ń fúnni lẹ́yìn ti ọ̀gá lágbàáyé. Kasparov fi eré ìdíje sílẹ̀ lóṣù kẹta ọdún 2005. Nígbà tó di ọdún 2009, àgbà yìí kan náà ló ń kọ́ ọmọ náà níṣẹ́. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, Carlsen bọ́ sípò kìn-ín-ní lágbàáyé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún. Máàkì 2,851 tí Kasparov ní lọ́dún 1999, tí kò sí ẹni tó tíì kọjá rẹ̀, Carlsen kọjá rẹ̀ lọ́dún 2013. Ọdún náà ló na Viswanathan Anand nílùú Chennai lórílẹ̀-èdè Íńdíà, tó gba oyè ọ̀gá lágbàáyé, oyè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ọdún 2023 tó ní òun kò gbèjà rẹ̀ mọ́.

Bí ọmọdé ṣe di ọ̀ta nìyẹn. Ẹni tó bá sì di ọ̀ta, òun náà yóò máa rí àwọn tó fẹ́ bá a ta á. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2017, nínú ìdíje ife àgbáyé tí wọ́n ṣe nílùú Tbilisi, lórílẹ̀-èdè Georgia, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ Carlsen ni Oluwafemi Balogun, ọmọ Nàìjíríà. Máàkì tí Carlsen fi jù ú lọ lé ní 500, ìyàtọ̀ tó ga ju ti Reykjavik lọ fíìfíì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ta á, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Carlsen pa á. Kò sí ọ̀mì níbẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn, ó sì yẹ kí èèyàn sọ ọ́, nítorí bí máàkì kì í bá ta ayò, kì í ṣe irọ́ náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, bó ṣe wí ló máa ń rí. Òun ló jẹ́ kí ọ̀mì dùn nígbà tó bá wáyé.

Lóṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún ọdún 2025, ó wá kan Carlsen láti mọ bó ṣe rí lára Kasparov. Àwọn èèyàn tó lé ní 143,000 láti kárí ayé para pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti bá òun nìkan ta á. Ìbò ni wọ́n ń dì lórí ibi tí wọ́n máa rìn sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò súnmọ́ ọn rárá bó bá jẹ́ ti máàkì. Síbẹ̀, wọ́n fara balẹ̀, wọ́n ń gba ara wọn nímọ̀ràn. Nígbà tó di ìgbà kejìlélọ́gbọ̀n tí wọ́n rìn, wọ́n ti ń dojú ìjà kọ ọba rẹ̀ léraléra débi tí kò fi ríbi yà sí. Ọ̀mì ni wọ́n ta.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó wà nílé pẹ̀lú. Láti ọdún 2018 ni Tunde Onakoya, tó dàgbà sí Ìkòròdú, ti dá ẹgbẹ́ Chess in Slums Africa sílẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ Makoko àtàwọn tó ń sùn lábẹ́ afárá Òṣòdì ní ṣẹ́ẹ̀sì. Lóṣù kẹrin ọdún 2024, ó fi wákàtí 60 ta á ní New York láti fi wá owó fún ẹ̀kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ báyìí kò ní máàkì kankan nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Òfin FIDE sì ní ẹni tí kò bá ní máàkì, bí wọ́n bá pa á ní gbogbo eré tó ta nínú ìdíje àkọ́kọ́ rẹ̀, wọn ò ní kà á sí. Bó bá lè rí ìlàjì kan ṣoṣo gbà, ìyẹn ọ̀mì kan péré lọ́wọ́ ẹni tó ti ní máàkì, ìwé ti ṣí fún un nìyẹn.

Ohun tí ọ̀mì lè ṣe fún ọmọdé nìyẹn. Kò sọ ọ́ di ọ̀ta lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àgbà tó bá sì rí i pé ọmọ tó jókòó ti òun lójú ọpọ́n ti ń le mọ́ òun lọ́wọ́, kó má ṣe da ọpọ́n náà nù. Kó ta á dé òpin, kó ṣe é bí Kasparov ṣe ṣe é. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.